Lílọ àti Bíbọ̀ ní Èdè Spéìn

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ń bẹ ní èdè Spéìn tí kò ju létà méjì péré lọ, ṣùgbọ́n tí ó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ làágùn ju àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gùn bí okùn lọ. “Ir” ni ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “lọ.” Bí ènìyàn bá ti gbọ́ èyí, yóò rò pé iṣẹ́ ti parí, kò ju kí òun há a sórí lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí ìwé gírámà wò, yóò rí i pé ẹni tí ń lọ kì í wí pé òun “ir.” “Voy” ni yóò wí. Bí ó bá jẹ́ pé àná ni ó lọ, “fui” ni yóò wí. Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń lọ nígbà kan rí, “iba” ni. Bí ó bá sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ fún àgbàlagbà pé kí ó lọ, “vaya” ni. Ẹ wo “voy” àti “fui” dáadáa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi: kò sí létà kan ṣoṣo nínú èkíní tí ó tún wà nínú èkejì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Katikísì ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ti Ìjọ ni mo ti jáde, gírámà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá ni wọ́n sì kọ́ wa níbẹ̀, a kò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ èdè Spéìn. Àbúrò mi obìnrin ni ó mú èdè náà wọ agbo ilé wa. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà ní Madrid. Níbẹ̀ ni ó ti lọ́kọ, níbẹ̀ ni ó sì bí ọmọkùnrin kan sí, ẹni tí ó pé ọmọ ọdún méje ní ọdún yìí. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń gbọ́ ìlù láti òkèèrè, ṣùgbọ́n èdè Spéìn ni ó ń sọ. Ìyá wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wà lọ́dọ̀ mi ní Abẹ́òkúta. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí èkíní kò sì gbọ́ ohun tí èkejì ń wí. Bí àbúrò mi bá wà nílé, òun ni ń ṣe ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni ó ń ṣe, àwọn aláìsàn kò sì mọ ọjọ́ Ìsinmi yàtọ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bàbá ọmọ náà, ẹni tí kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ nínú èdè wa, ni ó ń di fóònù mú fún un. Bí mo ṣe ra ìwé gírámà àlòkù kan nìyẹn, tí mo sì ń jókòó tì í ní òròòwúrọ̀ kí agogo ilé-ìwé tó lù.

Ohun kìíní tí mo kọ́ ni pé etí ni a fi ń mọ “voy,” kì í ṣe ojú. Àwọn ará Spéìn kì í ya “v” sọ́tọ̀ kúrò lára “b”. Bákan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Nítorí náà bí ọmọ wọn bá wí pé “voy,” “bói” ni etí wa ń gbọ́. Bí wọ́n bá pe ọmọ láti yàrá kejì, tí ó sì fẹ́ jẹ́ ìpè, “ya voy” ni yóò ké. “Ya” yìí sì túmọ̀ sí nísinsìnyí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, bàbá ọmọ náà gbé fóònù sórí tábìlì, ó ké sí ọmọ rẹ̀ pé ìyá àgbà ń dúró. Láti ìkángun ilé ni ọmọ ti dáhùn pé, “Ya voy!” Màámi rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé o gbọ́? Ó ní ‘yá, bọ̀.’ Ó ń bọ̀.” Lóòótọ́ ni ọmọ sì ń bọ̀, nítorí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe pé “ya” wọn àti “yá” wa bára tan o, bẹ́ẹ̀ ni “voy” kì í ṣe ẹbí “bọ̀.” Alábàápàdé ni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìtumọ̀ tí ìyá arúgbó náà mú nínú rẹ̀ tọ́ ju èyí tí ìwé mi ì bá fún un lọ. Bí a bá tẹ̀lé ìwé, ohun tí ọmọ náà wí ni pé, “Nísinsìnyí mò ń lọ.” Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ìyá rẹ̀ àgbà yóò pè, tí yóò sì dáhùn pé òun ń lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì mọ àṣà kan tí pàṣán kò lè lé kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ọmọ yóò dìde, yóò kọjú sí ẹnu-ọ̀nà, yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun ń bọ̀, bí ó ti ń jáde lọ. Òyìnbó tí ó bá wà níbẹ̀ yóò dúró, yóò máa wo ẹ̀yìn ọmọ tí ó ní òun ń bọ̀. Yorùbá ni ọmọ náà fi ẹnu Gẹ̀ẹ́sì sọ. Àwa kì í fẹ́ fi ẹnu ara wa wí pé a ń lọ nígbà tí a bá ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni wa. “Mò ń bọ̀” ni a ń wí, “ó dàbọ̀” ni a sì fi ń dágbére. Ọmọ Yorùbá ń lọ, ó ní òun ń bọ̀. Ọmọ Spéìn ń bọ̀, ó ní òun ń lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà, Ọlọ́run nìkan ni ó lè là wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n to ìṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ fún yín bí mo ti tò ó sára ògiri yàrá mi. Èmi ń lọ, “voy”, ìwọ ń lọ, “vas”, òun ń lọ, “va”, àwa ń lọ, “vamos”, ẹ̀yin ń lọ, “vais”, àwọn ń lọ, “van.” Ní ilẹ̀ Spéìn nìkan ni ẹ ó ti gbọ́ “vais” lẹ́nu àwọn ènìyàn lójoojúmọ́, àwọn tí ń sọ èdè náà ní Amẹ́ríkà ti fi í sílẹ̀, “van” ni wọ́n ń lò fún ẹ̀yin àti fún àwọn. Bí a bá ti mọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, a kò ní láti máa fi “èmi” tàbí “ìwọ” ṣáájú wọn mọ́. “Voy” nìkan ti tó. Ìrù ọ̀rọ̀ náà ti sọ ẹni tí ń lọ.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi rí ìwé náà lára ògiri ní ọjọ́ tí wọ́n wá gbé omi wọlé, wọ́n sì ń yọ̀ pé èdè tiwọn kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀: mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ, “lọ” dúró gbọin-in bí òkúta Olúmọ. Mo ní kí wọ́n rọra. Mo ní kí wọ́n ṣe bí ọmọ Spéìn tí ń kọ́ Yorùbá, kí wọ́n wí pé òun kò lọ. “Ó lọ,” a gbọ́. Ṣùgbọ́n “kò lọ,” níbo ni “ó” wọ̀ sí? Kí wọ́n sì tún wí ti ara wọn: “mo lọ,” “n kò lọ,” “n ó lọ.” Ẹni kan náà ni ó wọ ẹ̀wù mẹ́ta yìí, “mo,” “n,” àti “n” tí “ó” tẹ̀lé, láìkúrò lójú kan. Kò sí èdè tí kì í san owó-orí. Ti àwọn ará Spéìn, lára ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ti ń gbà á, tiwa, lára arọ́pò-orúkọ àti ohùn ni.

Ṣùgbọ́n kí ni ó fa ojú mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ “ir” ní? Látìnì ni ìyá èdè Spéìn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní èdè Látìnì ni wọ́n kó wọ inú ilé kan yìí. Èkíní ni “ire” (kí a má ṣe kà á bí ire tiwa), tí ó túmọ̀ sí lọ. Òun ni ó bí “ir” fúnra rẹ̀, àti “iba.” Èkejì ni “vadere,” tí òun náà jẹ mọ́ rírìn lọ, òun ni ó bí “voy” àti àwọn àbúrò rẹ̀ dé orí “van,” àti “vaya.” Ẹ̀kẹta ni “esse,” tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn rárá, nítorí “wà” àti “jẹ́” ni ìtumọ̀ rẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti yá “fui.” Àwọn tí ó mọ ìtàn èdè ní “ire” ti kúrú jù ní àwọn ibòmíràn, bí ohùn bá gbé e mì díẹ̀, kò sí ohun tí etí lè dì mú mọ́, nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi gbé “vadere” sípò rẹ̀ níbi tí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní Faransé, níbi tí “vais,” “allons,” àti “irai” ti jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń yangàn pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: “went” tí a ń kọ́ ọmọ pé òun ni àná fún “go,” ará ilé mìíràn ni, “wend” ni ìyá tí ó bí i. Àwa pẹ̀lú ní méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tí ì so wọ́n pọ̀: “lọ” àti “re.” Ẹni tí ó wí pé “mo lọ” ti parí ọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí pé “mo re,” tí ó sì dákẹ́, gbogbo wa ni yóò máa wo ẹnu rẹ̀, títí yóò fi sọ ibi tí ó re: oko ni o, Èkó ni o, tàbí ilé. “Re” kì í rìn láìní ibi tí ó ń rè. Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, mo sì rò pé kò yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa jẹ́ kí ó kú mọ́ inú òwe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí “fui.” Ẹni tí ó bá wí pé “fui maestro” ń wí pé olùkọ́ ni òun nígbà kan rí. Ẹni tí ó bá wí pé “fui a Toledo” ń wí pé òun lọ sí Toledo. Ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni, láti orí “fui” títí dé “fueron,” àfi “a” kékeré tí ó tẹ̀lé èkejì tí ó ń tọ́ka ọ̀nà. Ó lè dà bí ìdàrúdàpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá rò ó wò, kì í ṣe ohun àjèjì. Bí mo bá ti wà ní Ìbàdàn rí, èmi tí a bí ní Abẹ́òkúta, ǹjẹ́ n kò ti lọ sí Ìbàdàn? Ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ẹni tí a bá bi léèrè bóyá ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù rí, ọ̀rọ̀ wíwà ni yóò fi dáhùn. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú Bíbélì èdè Spéìn tí àbúrò mi fi ránṣẹ́, èyí tí Casiodoro de Reina kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1569, tí Cipriano de Valera sì tún ṣe ní 1602, tí wọ́n sì ti ń tún ṣe láti ìgbà náà wá. Nínú orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì, “fue” wà níbẹ̀ léraléra, ti wíwà ni gbogbo wọn. Ní orí kejìlá, nígbà tí Ábúrámù dìde kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀, “fue” náà ni. Ti lílọ nìyí. Kò sí ẹni tí yóò ṣi èkíní gbé fún èkejì bí ó bá ń ka ìwé náà láti òkè wá.

Nínú ìwé gírámà àlòkù mi, “fué” ni wọ́n tẹ̀, pẹ̀lú àmì lórí, ṣùgbọ́n nínú Bíbélì náà kò sí àmì. Èyí dà mí láàmú fún ọ̀sẹ̀ kan. Àṣé Akadẹ́mì tí ń ṣọ́ èdè náà ní Madrid láti 1713 gbé òfin tuntun jáde ní 1952, tí ó di dandan ní 1959, tí wọ́n sì fi yọ àmì náà kúrò. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ láti inú ìwé Yorùbá àtijọ́, tí a sì ń kọ lójú pátákó gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ 1974, a mọ̀ bí èyí ti ń rí. Akadẹ́mì yìí kan náà ni ó gbà ní 2017 pé àwọn ará Spéìn lè máa wí pé “iros” bí wọ́n bá ń sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí wọ́n máa lọ. “Idos” ni òfin wí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń wí bẹ́ẹ̀. Ní Àjẹntínà wọ́n tilẹ̀ ti fi “ir” sílẹ̀ pátápátá bí wọ́n bá ń pàṣẹ fún ọ̀rẹ́ pé kí ó lọ; “andá” ni wọ́n ń wí, tí wọ́n yá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí í ṣe rìn.

“Iba” rọrùn fún wa ju bí ó ti rọrùn fún Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ohun tí a bá fi “máa ń” sọ nípa ìgbà àtijọ́, “iba” ni: ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń lọ sí odò ní kùtùkùtù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ, tí ọ̀ràn sì parí, “fui.” Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ “ó máa ń lọ” àti “ó lọ” ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Nípa ọ̀wọ̀, èmi kò lè ṣàìsọ díẹ̀. Àwọn ará Spéìn pẹ̀lú ní bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. “Usted” ni wọ́n ń pe ẹni ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú “vuestra merced” wá, bí ẹni ń wí pé “olóore yín.” Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ di púpọ̀ bí àwa ti ń ṣe pẹ̀lú “ẹ”, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni, tí kò sí níbẹ̀. “Usted va,” ìyẹn ni pé “olóore náà ń lọ.” Ó wù mí púpọ̀, nítorí ó dà bí ìgbà tí a bá ń kí ọba. Síbẹ̀, ní Madrid lónìí, ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ àgbà ní “usted”. “Vas” ni ó ń wí fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wí fún ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ wa bá bèèrè pé, “¿Vas a la iglesia, abuela?” èmi a sọ fún Màámi pé, “Ó ní ṣé ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá àgbà?” Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. “Ẹ” náà wà nínú ohùn ọmọ, bí kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọ́n tún ń fi “ir” sọ ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀. “Voy a comer,” mo fẹ́ jẹun, bí ẹni náà tilẹ̀ ti jókòó síwájú oúnjẹ tí kò lọ síbì kankan. “Va a llover,” òjò fẹ́ rọ̀, bí a bá tú u léyọ léyọ, “ó ń lọ rọ òjò.” Níhìn-ín ni mo ti rí i pé ojú tí wọ́n fi ń wo ọjọ́ iwájú àti ojú tiwa yàtọ̀. Wọ́n ń rìn lọ bá a. Àwa jókòó, ó ń bọ̀ wá bá wa: òjò ń bọ̀, ọdún ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe tẹ ọ̀ràn yìí jù, nítorí àwọn náà ń wí pé “la semana que viene,” ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bíi tiwa.

Bí wọ́n bá fi “me” ṣáájú “voy,” tí ó di “me voy,” kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ ni ó jẹ wọ́n lógún mọ́, bí kò ṣe ibi tí ó ń kúrò. Mo ń kúrò níhìn-ín ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sì ń lò bí ẹnìkan bá kú. Nígbà tí bàbá ọkọ àbúrò mi kú, “se nos fue” ni ọkọ rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí mi: ó lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ka “nos” kékeré yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ fún Màámi, kò bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní, “Àwọn náà ń wí pé ó lọ?” Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ràn láti gbọ́ “lọ” nínú ohunkóhun tí mo bá tú fún un láti Madrid.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé wúwo jù fún ilé wa, ó yẹ kí n rántí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti kọ́ “ir” ṣáájú mi, tí wọn kò sì fi ìfẹ́ kọ́ ọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Spéìn nígbà náà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tán níbẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa ṣì wà nínú orin ìsìn àwọn ọmọ-ọmọ wọn títí di òní, ṣùgbọ́n èdè Spéìn ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà. Bí mo bá wá fẹ́ fi èdè Spéìn sọ ìtàn wọn, ìwé gírámà mi kò fún mi ní “fueron a Cuba.” “Fueron” jẹ́ ti ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. “Los llevaron” ni ó yẹ: wọ́n kó wọn lọ. Ní èdè méjèèjì, ọ̀rọ̀ lílọ kò gba ẹni tí a dè.

Àbúrò mi ní tirẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, a sì fi ọ̀pẹ́ sìn ín. Ní oṣù Ọ̀gọ́ọ̀sì tí ó kọjá, ó pè, ó ní, “Màámi, a ń bọ̀ wá sílé ní Dìsẹ́ńbà.” Ayọ̀ kún ilé. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí òun náà sì kéde rẹ̀ pẹ̀lú ariwo: “¡Abuela, en diciembre vamos a ir a Nigeria!” Màámi ti ń fetí sí mi pẹ́ tó láti mọ “vamos.” Ó ní kí n tú u bí ó ti wí i gan-an, kí n má ṣe fi iyọ̀ sí i. Mo ní, “Ó ní ní Dìsẹ́ńbà àwọn yóò lọ sí Nàìjíríà.” Ó dákẹ́. Ó wá ní, “Ìyá rẹ̀ ní àwọn ń bọ̀ wá sílé. Òun ní àwọn ń lọ sí Nàìjíríà. Ṣé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n yóò wọ̀?”

Mo ṣàlàyé fún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní, “ir” àti “venir,” àti pé “venir” kì í kọjá ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dúró sí. Ẹni tí ó bá wà ní Madrid kò lè “venir” sí Abẹ́òkúta. Ó di ìgbà tí ó bá dé ibí kí ó tó lè wí pé òun wá. Mo ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọmọ fi ń wí pé “voy” bí a bá pè é, nítorí ibi tí òun wà ni ó ti ń wo ọ̀nà, kì í ṣe ibi tí ẹni tí ó pè é wà. Mo ní Yorùbá ní tirẹ̀ lè bọ́ sí ipò ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, tàbí kí ó fi ọkàn dúró sí ilé, kí ó sì ti ibẹ̀ wo ara rẹ̀ tí ń bọ̀. Mo tilẹ̀ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Spéìn ni ó rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn tí ń sọ èdè Katalan ní Bàsẹ́lónà ń dáhùn ìpè pẹ̀lú “vinc,” mò ń bọ̀, bíi tiwa. Kò bi mí léèrè ọ̀ràn Bàsẹ́lónà. Ó ní, “Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọmọ yìí, níbo ni ó fi ṣe ilé?”

Àbúrò mi gbọ́ èyí lórí fóònù. Ó ní, “Màámi, ibí ni a bí i sí.” Kò sí ẹni tí ó bínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún rí ọ̀rọ̀ sọ fún ìgbà díẹ̀, àfi ọmọ tí ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ohun tí òun wí.

Nígbà tí a pa fóònù, Màámi ní kí n kọ́ ọmọ náà pé kí ó má ṣe wí bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ó máa wí pé òun ń bọ̀. N kò ṣe é. Bí ó bá jókòó ní Madrid tí ó kọ “venimos a Nigeria” sínú ìwé rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ yóò fi íńkì pupa fà á, yóò sì jàre. Èmi tí mo ń fi íńkì pupa fa ìwé ọmọ ẹlòmíràn ní ojoojúmọ́ kò lè rán ọmọ wa lọ gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà sọ òtítọ́ nípa ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ náà sọ òtítọ́ nípa ibi tí ọkàn tirẹ̀ wà. Ohun tí Màámi ń fẹ́, gírámà kò ní i láti fún un. Dípò èyí, mo bẹ àbúrò mi pé kí ó máa bá ọmọ náà sọ Yorùbá nílé, kì í ṣe lórí fóònù nìkan, ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò tí ì dé bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Owó ọkọ̀ òfuurufú ènìyàn mẹ́ta kì í ṣe owó kékeré, ilé-ìwòsàn kò sì fún àbúrò mi ní ìsinmi ní Dìsẹ́ńbà náà; Ọjọ́ Àjíǹde ni wọ́n ń sọ báyìí. Màámi kò bèèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́ nípa èdè Spéìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní kí n kọ́ òun, èyí tí a fi ń wí fún ọmọ pé kí ó wá. “Ven” ni, láti inú “venir,” ó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti lò ó, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ni ó ń pe ọmọ wá. “Bẹn” ni ó ń pè é, bí àwọn ará Spéìn gan-an ti ń pè é. Bí fóònù bá ti dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kì í tún kí ẹnikẹ́ni mọ́ kí ó tó ké e sínú rẹ̀, “Ven!” Ọmọ á sì dáhùn láti yàrá rẹ̀ ní Madrid pé, “Voy, abuela!” Kò bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́.